Bí ẹ ṣe lè kọ ìtàn tí òǹkàwé ti mọ ibi tó ń lọ

Ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ àkọ́kọ́ tí mo kọ, mi ò sọ ẹni tó pa olóògbé inú rẹ̀. Mo rò pé ọgbọ́n ńlá ni. Mo fún ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kà, torí kò sí irú ìtàn bẹ́ẹ̀ tí kì í kà. Ó kà á tán, ó wá bá mi nínú yàrá: "Àbúrò, ta ló wá pa ọkùnrin náà?" Mo ní kó fi ọkàn ara rẹ̀ wá a. Ó gbé ìwé náà lé mi lọ́wọ́, ó ní, "O jẹ mí ní gbèsè." Láti ọjọ́ náà, ọ̀rọ̀ yẹn ni mo fi ń kọ̀wé.

Gbèsè yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ sílẹ̀, ní gbólóhùn kan ṣoṣo, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri níwájú yín. Nínú ìtàn ìfẹ́: àwọn méjèèjì yóò fẹ́ ara wọn. Nínú ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́: a ó mọ apànìyàn. Nínú eré tẹlifíṣọ̀n tó dá lórí dókítà: àìsàn tí wọ́n gbé wọlé lónìí, a ó mọ orúkọ rẹ̀ kí eré òní tó parí. Ẹni tó bá fẹ́ kọ ìtàn tí kò ní irú òpin bẹ́ẹ̀ lè kọ ọ́, ó sì lè dára gan-an, àmọ́ kó má gbé aṣọ ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ wọ̀ ọ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ wá egungun ìtàn náà. Ẹ mú ìtàn mẹ́ta nínú irú tí ẹ fẹ́ràn, kí ẹ kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú wọn láìdárúkọ ẹnikẹ́ni. Vladimir Propp, onímọ̀ ará Rọ́ṣíà, ṣe irú iṣẹ́ yìí lórí àlọ́ 100 nínú àlọ́ ilẹ̀ wọn, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1928. Ó rí ìṣẹ̀lẹ̀ 31 tó máa ń tò tẹ̀ lé ara wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe gbogbo wọn ló ń wà nínú àlọ́ kan. Nínú ọ̀kan, ọba ló fún akọni ní ẹyẹ idì tó gbé e lọ sí ilẹ̀ mìíràn. Nínú òmíràn, bàbá arúgbó ló fún un ní ẹṣin. Ẹni tó fúnni yàtọ̀, ohun tó fúnni yàtọ̀, fífúnni ò yàtọ̀. Nígbà tí èmi náà ṣe é, mo rí i pé nínú ìtàn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹnì kan wà tó ń purọ́ tí kì í ṣe òun ló pààyàn. Ẹ̀gbọ́n mi ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ tipẹ́.

Ibi tí iṣẹ́ wà gan-an ni ibi tí ẹ máa fi ohun tuntun sí. Kì í ṣe ìparí. Nínú Columbo, eré ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde déédéé lórí tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà ní 1971, òǹwòran máa ń rí apànìyàn lẹ́nu iṣẹ́ ibi rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Kí ni wọ́n wá jókòó dè? Wọ́n ń dúró de ìgbà tí ọlọ́pàá ẹlẹ́wù òjò gbígbó yẹn máa dágbére, tó máa dé ẹnu ọ̀nà, tó máa yíjú padà pé ó ku ìbéèrè kan. Wọ́n mọ̀ pé yóò yíjú padà. Ohun tó máa bèèrè ni wọn ò mọ̀.

Ẹ wá irú àmì bẹ́ẹ̀ fún ẹ̀dá ìtàn tiyín. Tèmi jẹ́ ìyá àgbàlagbà kan, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì. Kó tó dárúkọ apànìyàn, ó máa ń bọ́ awò ojú rẹ̀, á nù ún, á tún gbé e wọ̀. Ìtàn mẹ́fà ni mo fi ṣe bẹ́ẹ̀ láìyí nǹkan kan padà. Nínú ìkeje, apànìyàn fọ́ awò náà. Nígbà tí àkókò tó, ìyá gbé ọwọ́ sójú, kò bá nǹkan kan, ó sì fi etí aṣọ nu ìka ọwọ́ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní omi bọ́ lójú òun níbẹ̀. Ká ní inú ìtàn kìíní ni mo fi í sí, kò ní jọ ẹnikẹ́ni lójú.

Ẹ má rẹ́ òǹkàwé jẹ. Ronald Knox, àlùfáà ará Gẹ̀ẹ́sì tóun náà ń kọ ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, ṣe òfin mẹ́wàá ní 1929; ọ̀kan nínú wọn ni pé ẹ̀rí tí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ bá rí, kí òǹkàwé náà rí i lójú ẹsẹ̀. Èmi máa ń fi í sáàárín àwọn nǹkan tí kò já mọ́ nǹkan: kọ́kọ́rọ́, ìwé ìròyìn àná, bàtà tó tutù, àga. Bàtà yẹn ni ẹ̀rí.

Àwọn kan máa ń fojú kéré ẹni tó fẹ́ràn irú ìtàn yìí, pé kò fẹ́ ronú. Ó ń dùn mí. Ní 2011, Jonathan Leavitt àti Nicholas Christenfeld ní Yunifásítì California ní San Diego fún àwọn èèyàn ní ìtàn kúkúrú kà, wọ́n sì ti sọ òpin rẹ̀ fún àwọn kan ṣáájú. Lápapọ̀, àwọn tó ti mọ òpin ló gbádùn rẹ̀ jù. Ìwádìí mìíràn lẹ́yìn náà kò fi gbogbo ẹnu gbà á, ṣùgbọ́n tàwọn méjì yẹn bá ohun tí mo ń rí mu: ọkàn tí kò bẹ̀rù ibi tí wọ́n ń gbé e lọ máa ń ráyè wo ọ̀nà. Ọmọdé tó ní kí ẹ tún ìtàn àná sọ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ fo gbólóhùn kan, ẹ máa gbọ́ ohùn rẹ̀.

Egungun lẹ lè yá lò o, ẹ má yá ẹran ara. Ẹ ka ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn ẹ̀dá ìtàn yín sókè; bí ẹ bá pààrọ̀ orúkọ àwọn méjì tí nǹkan kan ò yí padà, ẹ tún un kọ.

Ojú ewé tó kẹ́yìn ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ. Ẹ̀gbọ́n mi ti ń ti ẹ̀yìn ka ìwé báyìí, nítorí náà òun ni mo máa ń rò. Orúkọ apànìyàn gbọ́dọ̀ hàn kedere níbẹ̀, pẹ̀lú ohun kan tí kò lè yé ẹni tí kò tíì ka ìyókù. Nínú èyí tí mo parí láìpẹ́, ìyá náà bọ́ awò rẹ̀, ó nù ún, ó dárúkọ apànìyàn, ó sì gbé awò náà wọ apànìyàn lójú. Ẹ̀gbọ́n mi kà á, ó gbójú sókè wò mí, ó sì ṣí ìwé padà sí ojú ewé àkọ́kọ́.