Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Láàárín Àwọn Onímọ̀ Kẹ́mísírì Tí Wọ́n Ṣẹ̀ṣẹ̀ Wọ Iṣẹ́ NMR

Àṣìṣe tí ó ń pa ọ̀dọ́ onímọ̀ kẹ́mísírì lára jù lọ nínú iṣẹ́ NMR (ọ̀nà tí a ń gbà fi òòfà ńlá àti ìgbì rédíò mọ bí átọ́ọ̀mù ṣe tò nínú nǹkan) ni kí ó gbà pé ẹ̀rọ ni yóò bá òun ronú. Òòfà inú ẹ̀rọ náà lágbára lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò lè tún ohun tí ọwọ́ wa ti bà jẹ́ lórí tábìlì ṣe. Bí omi inú túùbù oníbùú mìlímítà 5 kò bá ga tó nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 4, tàbí tí ìdọ̀tí ń léfòó nínú rẹ̀, àwọn ṣóńṣó inú àwòrán tí ẹ̀rọ yà, tí ó yẹ kí ó mú ṣáṣá, yóò wú, wọn yóò sì wọnú ara wọn. Má sì ṣe ki túùbù tí ó ti sán bọ inú ẹ̀rọ láé. Kọ́kọ́rọ́ àti káàdì báǹkì, ẹnu ọ̀nà ni kí wọ́n dúró sí. Òòfà yẹn kì í sùn, bí iná mànàmáná tilẹ̀ lọ.

Mo rí akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ó fi ọjọ́ mẹ́ta gbáko wá ìtumọ̀ ṣóńṣó tí ó wà ní 7.26 ppm, ìyẹn òṣùwọ̀n ipò ṣóńṣó lórí àwòrán náà. Ìyókù klorofọ́ọ̀mù inú omi tí ó fi yọ́ nǹkan rẹ̀ ni. Ó dùn mí, nítorí pé ìbéèrè kan ṣoṣo ì bá ti gbà á lọ́wọ́ wàhálà náà.

Ìkánjú burú ju èyí lọ. A máa ń fi ìgbì rédíò lu átọ́ọ̀mù bí ẹni lu agogo, a ó sì dúró kí ó sinmi. Bí a bá tún un lù kí ó tó sinmi tán, ṣóńṣó rẹ̀ yóò kéré ju bí ó ti yẹ lọ, ẹni tí ó ń fi í ka iye háídírójìn yóò sì kà á ṣì.

Má ṣe rò pé yunifásítì nìkan ni ìmọ̀ ń gbé. Richard Ernst, ọmọ ilẹ̀ Switzerland, fi ìrẹ̀wẹ̀sì kúrò ní Zürich ní 1963, ó sì lọ ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ Varian ní Palo Alto, ní Amẹ́ríkà. Níbẹ̀ ni òun àti Weston Anderson ti fi hàn ní 1964 pé a lè lu gbogbo agogo náà pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí a sì fi ìṣirò Fourier ya ohùn wọn sọ́tọ̀. Ìwé ìròyìn ìmọ̀ kan kọ̀ láti tẹ àbọ̀ ìwádìí wọn lẹ́ẹ̀mejì kí òmíràn tó tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1966. Ernst gba Ẹ̀bùn Nobel ní 1991. Ìṣirò yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ń sá fún, bẹ́ẹ̀ òun ni kọ̀ǹpútà ẹ̀rọ náà ń ṣe lójoojúmọ́, ẹni tí kò bá sì lóye rẹ̀ kò ní dá ṣóńṣó èké mọ̀ nígbà tí ó bá yọjú.