Kẹ́ ẹ tó lé ọmọ iṣẹ́ lọ, ẹ fún un ní nótíìsì

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn wa tẹ́ ẹ ní ṣọ́ọ̀bù ní Lágere àti Sábó. Ẹnu la fi ń gba ọmọ iṣẹ́ n'Ífẹ̀ yìí, ẹnu náà la fi ń lé wọn, Labour Act, ìyẹn òfin ìjọba lórí iṣẹ́, ò sì fẹ́ bẹ́ẹ̀ rárá. Kí wọ́n tó lo oṣù 3, ẹ fún wọn níwèé tẹ́ ẹ kọ iṣẹ́ wọn àti owó wọn sí. Tẹ́ ẹ bá wá fẹ́ dá ẹnì kan dúró, tí ò bá tíì pé oṣù 3, nótíìsì ọjọ́ kan, tó bá ti lé, tí ò tíì pé ọdún 2, ọ̀sẹ̀ kan, ọdún 2 sí 5, ọ̀sẹ̀ 2, ọdún 5 sókè, oṣù kan gbáko, ẹ sì lè san owó àsìkò yẹn fún un dípò. Láti ọ̀sẹ̀ kan lọ, ẹ kọ ọ́ síwèé. Èmi lé ọmọ kan lọ ní wàrà-ǹ-ṣeṣà lẹ́ẹ̀kan, ọmọ ọwọ́ ń bẹ lẹ́yìn ẹ̀, ó ṣì ń dùn mí. National Industrial Court, ilé ẹjọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ òṣìṣẹ́ àti ọ̀gá, náà ti ń béèrè ìdí tẹ́ ẹ fi lé èèyàn báyìí o. Ẹni tó bá ní òṣìṣẹ́ tó tó 25, ₦70,000 lówó oṣù tó kéré jù látọdún 2024, ọdún 3-3 ni wọ́n á sì máa yẹ̀ ẹ́ wò, kì í ṣe 5 mọ́.