Bí Mo Ṣe Padà Sídìí RSS Láti Máa Tẹ̀lé Àwọn Ojú Òpó Tí Ń Kọ Yorùbá

Iṣẹ́ ìtumọ̀ ni mò ń ṣe jẹun, láti Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá, èyí sì mú kí ó di dandan fún mi láti máa ka ohun tí àwọn ẹlòmíràn ń kọ, kí n lè mọ ọ̀rọ̀ tí àwọn ènìyàn ń lò fún nǹkan. Ní ọdún tó kọjá, mo túmọ̀ ìwé pẹlẹbẹ kan lórí àrùn kíndìnrín, mo sì fi odidi ọjọ́ méjì wá ọ̀rọ̀ tó yẹ fún àwọn ẹ̀yà inú ara kan. Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn tí mo ti jọ̀wọ́ iṣẹ́ náà ni mo ṣèèṣì ṣí ojú òpó alàgbà kan tí wọ́n jẹ́ olùkọ́ èdè tó ti fẹ̀yìn tì, tí mo sì bá àpilẹ̀kọ gígùn kan níbẹ̀ lórí orúkọ àwọn ẹ̀yà inú ara gan-an. Wọ́n ti gbé e jáde ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà. Wọ́n pín in sórí Facebook, mo sì wà lára àwọn tí ń tẹ̀lé wọn níbẹ̀, ṣùgbọ́n n kò rí i. Ó dùn mí dé egungun.

Facebook kì í fi gbogbo ohun tí àwọn tí à ń tẹ̀lé bá kọ hàn wá. Ẹ̀rọ ni ó ń yan èyí tí ó rò pé a óò dúró wò, ẹni tí kì í kọ nǹkan léraléra a sì máa wà lẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀ àwọn tí ń kọ lẹ́ẹ̀kan lóṣù méjì gan-an ni èmi ń wá. Ibẹ̀ ni mo ti rántí RSS.

Àwa tí a ti ń lo íntánẹ́ẹ̀tì tipẹ́ mọ̀ ọ́n dáadáa. Fáìlì kan ni, tí ojú òpó ń tọ́jú sí àdírẹ́sì kan, tí ó sì ń kọ àkọlé, líǹkì àti ọjọ́ àwọn ohun tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé jáde sínú rẹ̀. Áàpù tó wà lọ́wọ́ òǹkàwé ni yóò máa lọ yẹ fáìlì náà wò láti ìgbà dé ìgbà, tí yóò sì mú ohun tuntun bọ̀. Ilé-iṣẹ́ Netscape ni ó kọ́kọ́ gbé e jáde ní ọdún 1999, RSS 2.0 sì dé ní ọdún 2002. Google Reader ni èmi fi ń kà á nígbà náà, títí Google fi tì í pa ní ọjọ́ 1 oṣù Keje ọdún 2013, tí èmi àti ọ̀pọ̀ ènìyàn sì gbà pé RSS ti kú. Kò kú. Ọ̀pọ̀ ẹni tí ń gbọ́ pódíkáàsì lórí fóònù ni ó ń lò ó láìmọ̀, nítorí fáìlì RSS ni áàpù wọn ń yẹ̀ wò kí ó tó mọ̀ pé ètò tuntun ti jáde.

Mo ya ọjọ́ Sátidé kan sọ́tọ̀. Mo mú bébà, mo kọ orúkọ àwọn ojú òpó tí n kò fẹ́ kí ohunkóhun tí wọ́n bá gbé jáde fò mí dá, wọ́n sì jẹ́ 23. Lẹ́yìn náà ni mo gba Feeder sórí fóònù mi, áàpù Android ọ̀fẹ́ kan tí kì í béèrè pé kí ènìyàn forúkọ sílẹ̀. Orí fóònù fúnra rẹ̀ ni ó ń kó gbogbo nǹkan pamọ́ sí, mo sì pàṣẹ fún un pé kí ó má ṣe lọ wá ohun tuntun àfi nígbà tí mo bá wà lórí Wi-Fi. Dátà tí irú áàpù yìí ń jẹ kò pọ̀ pàápàá, nítorí pé bí fáìlì kò bá tíì yí padà, ojú òpó tí a ṣètò dáadáa yóò kàn dáhùn pé kò sí ohun tuntun ni, kò ní gbé fáìlì náà wá lẹ́ẹ̀kejì. Feedly àti Inoreader wà fún ẹni tí ń kàwé lórí fóònù àti kọ̀ǹpútà pọ̀, tí kò sì kọ̀ láti forúkọ sílẹ̀.

Mo rò pé wíwá àdírẹ́sì àwọn fáìlì RSS náà, tí a ń pè ní fíìdì, ni yóò le jù, nítorí pé àmì RSS aláwọ̀ ọsàn tí a máa ń rí láyé ọjọ́un ti kúrò lára ọ̀pọ̀ ojú òpó. Àmì ni ó kúrò, fíìdì ṣì wà níbẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tí mo kọ sílẹ̀ ni a fi WordPress, ètò tí a fi ń kọ́ ojú òpó, ṣe, bí a bá sì ti fi /feed/ kún ìparí àdírẹ́sì irú wọn, fíìdì dé. Ti Blogspot ni /feeds/posts/default. Global Voices ní èdè Yorùbá ní tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni BBC News Yorùbá tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2018. Ìkànnì YouTube kọ̀ọ̀kan ní fíìdì tí ń mú fídíò 15 tó jáde kẹ́yìn wá. Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni ti Wikipedia Yorùbá. Ojú-ewé kọ̀ọ̀kan níbẹ̀ ní ìtàn àtúnṣe rẹ̀, ìtàn náà sì ní fíìdì, nítorí náà mo fi ojú-ewé mẹ́ta tí mo ti bá wọn kọ sínú Feeder, bí ẹnikẹ́ni bá yí ọ̀rọ̀ kan padà nínú wọn báyìí, n óò mọ̀.

Kí n tó lọ jìnnà, mo ṣí ọ̀kan nínú àwọn fíìdì náà ní Chrome kí n lè rí inú rẹ̀. Item ni ìlà kan fi bẹ̀rẹ̀, lábẹ́ rẹ̀ ni title tó gbé àkọlé, link tó gbé àdírẹ́sì, àti pubDate tó gbé ọjọ́ àti wákàtí, lẹ́yìn náà item mìíràn. Mo ka àwọn item náà: 10 péré ni wọ́n. Bí WordPress ṣe máa ń ṣe é nìyẹn bí ẹni tó ni ojú òpó kò bá yí i padà. Bí ilé-iṣẹ́ ìròyìn kan bá wá ń gbé 20 jáde lójúmọ́, tí áàpù mi sì lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ìdajì ti bọ́ sọnù nìyẹn. Ṣùgbọ́n fún ẹni tí ń kọ lẹ́ẹ̀kan lóṣù méjì, 10 ju iṣẹ́ ọdún kan lọ, kò sí bí ó ṣe lè fò mí dá.

Ohun tí mo rí ní ọjọ́ kejì fi ìdí èyí múlẹ̀. Ìròyìn ti bo gbogbo ojú fóònù, àwọn àpilẹ̀kọ kéékèèké tí mo torí wọn ṣe wàhálà wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá. Mo ya àwọn ìròyìn sọ́tọ̀ lábẹ́ àmì tiwọn, níbi tí mo ti ń wò wọ́n nígbà tó bá wù mí. Lójú tèmi, ẹni tí ó bá fẹ́ fi RSS lé ìròyìn ojoojúmọ́ ni yóò kọ́kọ́ sú. Àwọn tí kì í pariwo ni ó wúlò fún jù.

Mẹ́rin nínú 23 kò ní fíìdì rárá. Méjì nínú wọn ní lẹ́tà ìròyìn tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí ímeèlì, mo forúkọ sílẹ̀ fún un. Méjì tó kù, èmi fúnra mi ń lọ wò wọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù. Ojú òpó mìíràn ní fíìdì tó ń ba lẹ́tà Yorùbá jẹ́: níbi tí ó yẹ kí n ti rí “ọba” nínú àkọlé, “&#7885;ba” ni mo rí. Nọ́ńbà yẹn ni kọ̀ǹpútà fi ń pe lẹ́tà “ọ”, ẹnì kan ni kò sì tú u padà sí lẹ́tà kó tó tẹ̀ ẹ́ jáde. Inú àpilẹ̀kọ náà mọ́ tónítóní, mo sì ń fara da àkọlé.

Ti alàgbà olùkọ́ náà ni mo mú ní pàtàkì jù. Fíìdì wọn ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ìlà díẹ̀ àkọ́kọ́ ni ó ń gbé wá. Mo pè wọ́n.

“Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. RSS ni mo fi ń ka iṣẹ́ yín, ṣùgbọ́n ìbẹ̀rẹ̀ nìkan ni mò ń rí.”

“RSS ti báwo? N kò ṣe irú rẹ̀ sí i o, ọmọ mi.”

Òótọ́ ni wọ́n sọ. WordPress ni ó ti ń ṣe é fúnra rẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti dá ojú òpó náà sílẹ̀. Mo ṣàlàyé fún wọn, wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n wá ní: “Bí ẹ bá ń kà á tán lọ́dọ̀ yín lọ́hùn-ún, ta ni yóò wá sọ́dọ̀ mi?”

Ìbéèrè gidi ni. Ẹni tí ó ń jẹun lára ìpolówó kò ní fẹ́ kí á máa ka iṣẹ́ rẹ̀ níbi tí ìpolówó kò sí, a kò sì lè dá a lẹ́bi. Ṣùgbọ́n ojú òpó tiwọn kò ní ìpolówó kankan, kí a ṣáà ti ka iṣẹ́ wọn ni wọ́n ń wá, mo sì sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn. Wọ́n wọ ibi tí WordPress ti ń ṣètò kíkà, wọ́n yí i sí odidi àpilẹ̀kọ nígbà tí a ṣì jọ wà lórí fóònù. Kò gbà wá ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ.

Ibi tí RSS kò ti lè ràn mí lọ́wọ́ ni ibi tí Yorùbá ti ń pọ̀ sí i lónìí. Facebook kò ní fíìdì fún ohun tí ènìyàn bá kọ sórí rẹ̀, Twitter, tí a ń pè ní X báyìí, ti yọ tirẹ̀ kúrò láti ọdún 2013, ìkànnì WhatsApp kò sì ní. Àwọn akéwì, àwọn tí ń kọ oríkì ìdílé sílẹ̀, àwọn tí ń ṣàlàyé òwe, orí Facebook nìkan ni ọ̀pọ̀ nínú wọn wà. Mo mọ ohun tó gbé wọn débẹ̀: ọ̀fẹ́ ni, èrò sì wà níbẹ̀. Síbẹ̀ ó ń dùn mí, nítorí oríkì tí ènìyàn kọ sórí Facebook lọ́dún méjì sẹ́yìn, òun fúnra rẹ̀ lè wá a títí kó má rí i. Mo ti ń bẹ àwọn tí mo mọ̀ pé kí wọ́n máa fi ẹ̀dà kan sórí Blogspot tàbí WordPress ọ̀fẹ́. Ẹni méjì ti ṣe é, mo sì ti fi wọ́n kún 19 tí mo fi bẹ̀rẹ̀.

Ó di oṣù mẹ́ta báyìí. Kí n tó jókòó ti iṣẹ́ láàárọ̀, mo ń fi bí ogún ìṣẹ́jú ka ohun tó bá wọlé. Ọjọ́ mìíràn, ẹyọ kan ni. Ọjọ́ mìíràn, òfo ni, mo sì fẹ́ràn ọjọ́ tó bá jẹ́ òfo, nítorí mo mọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò kọ nǹkan ni, kì í ṣe pé wọ́n kọ ọ́ tí a kò fi hàn mí. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo ní kí Feeder kó gbogbo àdírẹ́sì náà sínú fáìlì OPML kan, mo sì fi í ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ mi kan tí àwa méjèèjì jọ ń ṣe iṣẹ́ ìtumọ̀. Thunderbird, ètò ímeèlì tó tún ń ka RSS, ni ó fi ṣí i lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, gbogbo ojú òpó náà sì jáde láìjẹ́ pé ó tẹ àdírẹ́sì kankan. Ó fi mẹ́rin tí èmi kò mọ̀ kún un, ó sì dá fáìlì náà padà sí mi ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan náà.