Níbo lẹ wà lọ́jọ́ tí wọ́n pa Murtala?

Wọn ò tíì bí mi ní 1976. Ohun tí mo mọ̀ nípa Ọ̀gágun Murtala Muhammed, olórí ìjọba ológun ìgbà náà, kò ju àwòrán ojú rẹ̀ lára ogún náírà àti orúkọ pápákọ̀ òfurufú Ìkẹjà lọ. Ṣùgbọ́n àwọn tọ́jọ́ náà ṣojú wọn nínú ẹbí wa ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ni mo bá gbé fóònù, mo ní kí n gba ohùn àwọn tó kù sílẹ̀.

Bàbá mi ni mo fi bẹ̀rẹ̀, mo sì bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sódì. "Bàbá, kí lẹ rántí nípa ikú Murtala?" Wọ́n wúkọ́, wọ́n tún ìjókòó ṣe, wọ́n bá di oníròyìn mọ́ mi lọ́wọ́: ọjọ́ Ẹtì ni, 13 oṣù Kejì, inú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ ní Ìkòyí ni àwọn ọmọ ogun Dimka, ológun tó fẹ́ fipá gbàjọba, ti da ìbọn bò ó nínú mọ́tò, lọ́jọ́ kejì Ọbásanjọ́ gorí àlééfà. Òótọ́ ni, àmọ́ kò síbi tí Bàbá fúnra wọn wà nínú ẹ̀. Ìṣẹ́jú mọ́kànlá gbáko!

Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n màmá mi, tí wọ́n ń ta aṣọ ní Gbági nígbà náà, mo yí ìbéèrè padà. "Màmá, kí ló wà lọ́wọ́ yín nígbà tẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbọ́?"

"Lọ́wọ́ mi kẹ̀? Àlùmọ́gàjí ni!"

Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣílẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù ni. Oníbàárà àkọ́kọ́ fẹ́ ọ̀pá mẹ́rin, wọ́n ti gé e dé ìdajì, nígbà tí rédíò ṣọ́ọ̀bù kejì dá orin dúró, tí ọkùnrin kan wá ń sọ Gẹ̀ẹ́sì kíkankíkan. Màmá ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Aládùúgbò ló túmọ̀ rẹ̀: wọ́n ti gbàjọba, kónílé-ó-gbélé sì wà láti aago mẹ́fà àárọ̀ di mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. "A wo ara wa lójú. Oòrùn ti yọ, ọjà la wà. Ṣé ká fò lọ sílé ni?" Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. (Dimka sọ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́ o.) Oníbàárà gba owó rẹ̀ padà, ó fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Aṣọ àgékù yẹn ni Màmá fi pọn ọmọ wọn àgbà.

Wọ́n tún la ojú mi sí nǹkan kan: láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ìjọba tó ṣubú ni wọ́n gbọ́, wọn ò tíì gbọ́ pé ẹnikẹ́ni kú. Bí ìbéèrè mi ṣe di méjì nìyẹn: níbo lẹ wà nígbà tẹ́ ẹ gbọ́ ohùn Dimka, níbo sì lẹ wà nígbà tẹ́ ẹ gbọ́ pé Murtala ti lọ. Àwọn tó pọ̀ jù ló ti po méjèèjì pọ̀.

Fóònù mi kún láàárín ọ̀rọ̀ Màmá, ìdajì ló gbà sílẹ̀. Mo padà lọ. Lọ́tẹ̀ yìí ọ̀pá mẹ́rin ti di mẹ́fà. Mo fi méjèèjì pamọ́, mi ò bá wọn jiyàn.

Ti àbúrò bàbá mi ló le jù. Wọ́n ṣàpèjúwe bí àwọn èèyàn ṣe ń jó lójú títì, tí wọ́n ń já ewé sára mọ́tò, lọ́jọ́ Ajé. Ọjọ́ Ajé kẹ̀? Mo bi wọ́n pé èwo nínú àwọn ọmọ wọn ni wọ́n ti bí nígbà náà. Wọ́n ka orúkọ títí dé àbíkẹ́yìn, wọ́n bá dákẹ́. "Áà! Ti Abacha ni mò ń sọ!" 8 oṣù Kẹfà, 1998. Látìgbà yẹn, ọjọ́ inú ọ̀sẹ̀ àti ọmọ tó wà nílé ni mo kọ́kọ́ máa ń bèèrè.

Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, mo mú Bàbá lọ sí ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní Oníkan, níbi tí Mercedes dúdú náà wà tòun ti ihò ọta ìbọn lára. Mi ò bèèrè nǹkan kan. Wọ́n yí mọ́tò náà po lẹ́ẹ̀mejì.

"Òbáléndé ni mo wà, mò ń lọ síbi iṣẹ́. A gbọ́ tàù! tàù! Gbogbo wa bẹ́ sílẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì. Ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ bàtà mi kan bọ́ sí. Ẹsẹ̀ ni mo fi rìn dé Èbúté-Mẹ́ta."

Mo ní kí ló dé tí wọn ò sọ ọ́ fún wa rí.

"Mo ti sọ fún ìyá mi lọ́jọ́ náà pé olè ló jí bàtà mi. Ká ní wọ́n mọ̀, wọn ò ní jẹ́ kí n lọ síṣẹ́ mọ́."