Bí Lẹ́tà Bá Ń Pẹ́ Kó Tó Jáde Nígbà Tẹ́ ẹ Bá Ń Tẹ̀wé

Ìwé títẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà ni iṣẹ́ mi. Nígbà mìíràn, màá tẹ gbólóhùn kan tán, màá gbójú sókè, ìdajì rẹ̀ kò ní tíì jáde. Ó máa ń dùn mí gan-an, nítorí kí lẹ́tà tó dé, ọ̀rọ̀ tó kàn á ti sá lọ lọ́kàn mi. Ẹ má tíì lọ ra kọ̀ǹpútà tuntun o. Ẹ kọ́kọ́ wá ibi tí ìdádúró náà fara pa mọ́ sí.

Ẹ ṣí Notepad, ètò ìkọ̀wé kékeré tó wà nínú Windows, kí ẹ yára tẹ ìlà mẹ́ta sínú rẹ̀. Bó bá ń falẹ̀ níbẹ̀ náà, Word, ètò tí a fi ń tẹ̀wé, kò mọwọ́mẹsẹ̀. Ẹ yẹ bátìrì kíbọọ̀dù wò tó bá jẹ́ aláìlókùn. Ẹ wo Filter Keys nínú Settings pẹ̀lú: bí ẹ bá di Shift ọwọ́ ọ̀tún mú fún ìṣẹ́jú àáyá 8, Windows á bèèrè bóyá kí òun tan án. Ẹni tí kò fara balẹ̀ kà á á tẹ Yes, kíbọọ̀dù á sì bẹ̀rẹ̀ sí í fo lẹ́tà tí a kò bá tẹ̀ pẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ tẹ Ctrl+Shift+Esc, kí ẹ wo ohun tó ń jẹ agbára kọ̀ǹpútà yín.

Bí Notepad bá yá, ẹ ṣí ìwé òfìfo nínú Word. Tí òun náà bá ń falẹ̀, ẹ pa Word dé, ẹ tẹ bọ́tìnnì Windows pẹ̀lú R, kí ẹ kọ winword /safe. Word á ṣí láìsí add-in (ètò kékeré tí a so mọ́ Word) kankan. Bó bá wá yá, add-in ni ọ̀daràn. Ẹ máa pa wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ń lo Google Docs, tí a fi ń tẹ̀wé lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, lè fi fèrèsé incognito dán an wò, torí àwọn àfikún kì í sábà ṣiṣẹ́ níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n tí ìwé òfìfo bá yá, ìwé yín gan-an ló ń ṣàìsàn. Ibẹ̀ ni tèmi wà: ìwé olójú ewé 180. Mo bọ́ sí Draft nínú View, níbi tí ọ̀pọ̀ àwòrán kì í ti hàn, ó yá díẹ̀, mo sì fura sí àwòrán. Mo ṣe ẹ̀dà rẹ̀ (ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀dà ni kí ẹ máa gé, kì í ṣe ojúlówó), mo gé ìdajì dànù, ó ṣì ń falẹ̀. Mo tún gé ìdajì ìyókù. Báyìí ni mo ṣe dórí tábìlì kan tó kún fún fọ́tò. Mo yí .docx ẹ̀dà náà sí .zip, mo ṣí i, mo wo inú fódà word, lẹ́yìn náà fódà media, níbi tí àwòrán ń wà: fọ́tò tí kò ju páálí ìṣáná lọ lójú ìwé wọn 9 MB! Compress Pictures, tó ń dín ìwọ̀n fọ́tò kù, ni mo lò fún gbogbo wọn, lẹ́yìn tí mo yọ àmì kúrò níwájú Apply only to this picture.

Ó yá, àmọ́ kò tíì tó. Track Changes (àmì àtúnṣe tí Word ń tọ́jú) oṣù mẹ́ta ṣì kún inú ìwé náà. Mo gba àwọn àtúnṣe tí èmi àti ẹni tó ni ín ti fẹnu kò lé, mo fi ìyókù sílẹ̀ fún un, lẹ́tà sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í bá ìka mi rìn.