Bí ẹ ṣe lè gbé Qubes OS wọ iléeṣẹ́ yín

Qubes OS ni ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, tó sì ń pín iṣẹ́ inú rẹ̀ sí yàrá-yàrá fún ààbò. Ẹ má fún gbogbo òṣìṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn tó ń ṣí fáìlì àjèjì lójoojúmọ́ ni mo máa ń fi bẹ̀rẹ̀: akọ̀ròyìn, agbẹjọ́rò, olùṣírò owó.

Ẹ yẹ kọ̀ǹpútà wò. Tí ṣíìpù rẹ̀ bá jẹ́ ti Intel, ó gbọ́dọ̀ ní VT-x àti VT-d, ìyẹn agbára inú ṣíìpù tí Qubes fi ń ya àwọn yàrá náà sọ́tọ̀. RAM 6GB ló kéré jù, ṣùgbọ́n 16GB ni mo máa ń fọwọ́ sí, torí ẹ̀rọ tó ń wọ́ máa ń lé òṣìṣẹ́ padà sí ti àtijọ́. Ẹ yẹ ìbuwọ́lù fáìlì Qubes náà (àmì tó ń fi hàn pé ojúlówó ni) wò kí ẹ tó fi í sórí ẹ̀rọ.

Pípín yàrá ni iṣẹ́ gan-an. Xen, ètò tó wà lábẹ́ Qubes, ló ń ya yàrá kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀, kí kòkòrò tó wọ ọ̀kan má baà rọrùn tàn dé èkejì. Ẹ ya ọ̀kan fún ímeèlì, ọ̀kan fún báńkì, àti ọ̀kan tí kò ní íntánẹ́ẹ̀tì rárá fún páásìwọ́ọ̀dù. Fáìlì tí ẹ ò mọ orísun rẹ̀, inú yàrá àlòdànù ni kí ẹ ti ṣí i. Bí ẹ bá ti pa á dé, yàrá náà parẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó ti òṣìṣẹ́ títí èyí á fi mọ́ ọn lára.