Bí A Ṣe Ń Kẹ́kọ̀ọ́ Sàíkọ́lọ́jì Òṣèlú àti Ìṣesí Ẹgbẹ́ ní Ìpele Másítà àti PhD

Ní ọ̀pọ̀ yunifásítì, ẹ̀kọ́ yìí kò ní ẹ̀ka tirẹ̀. Inú ẹ̀ka ìmọ̀ òṣèlú tàbí ẹ̀ka sàíkọ́lọ́jì ló ń gbé, èyí tí ẹ bá sì wọ̀ ló máa pinnu ohun tí ẹ máa mọ̀ ọ́n ṣe. Lọ́dọ̀ àwọn onímọ̀ òṣèlú, ìdìbò àti ìwádìí èrò aráàlú ló ń gba iwájú. Lọ́dọ̀ àwọn onísàíkọ́lọ́jì, àdánwò inú yàrá ìwádìí ni. Kí ẹ tó forúkọ sílẹ̀, ẹ wá ọ̀jọ̀gbọ́n 2, ó kéré tán, tí iṣẹ́ wọn bá ìbéèrè yín mu. Bó bá jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, tó wá kó lọ síbòmíràn nígbà tí ẹ dé ìdajì ọ̀nà, kò ní sí ẹni tó lè ka tísíìsì yín bó ṣe yẹ. Nínú lẹ́tà tí ẹ máa kọ sí wọn, ẹ sọ ìbéèrè yín ní gbólóhùn 2, ẹ dárúkọ iṣẹ́ wọn kan pàtó tó bá a tan, kí ẹ sì sọ irú dátà tí ẹ ti fọwọ́ ara yín tú wò rí.

Ẹ máa ka ìwé ní méjì-méjì: ìwádìí tó gbajúmọ̀, pẹ̀lú èyí tó tún un ṣe tàbí tó ta kò ó. Ní 2010, Nyhan àti Reifler, onímọ̀ òṣèlú méjì, sọ pé bí a bá tún irọ́ òṣèlú ṣe fún ẹni tó ti gbà á gbọ́, ó lè túbọ̀ rọ̀ mọ́ ọn. Ní 2019, Wood àti Porter dán an wò lórí ọ̀rọ̀ 52, wọn ò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí i rárá. Ẹni tó bá ka ti àkọ́kọ́ nìkan lè fi odindi ọdún kan lé ohun tí kò sí níbẹ̀.

Ẹ sì máa fojú ara yín wo nọ́ńbà. Solomon Asch, onísàíkọ́lọ́jì kan, ní kí àwọn èèyàn sọ èyí tó gùn bákan náà pẹ̀lú ìlà kan nínú ìlà 3, lẹ́yìn tó ti kọ́ àwọn yòókù nínú yàrá ní irọ́ tí wọ́n máa pa. Wọ́n máa ń ní ó fi hàn pé gbogbo èèyàn ló ń tẹ̀ lé ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn bá sọ. Rárá o. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ìdáhùn ló tẹ̀ lé irọ́ náà, nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ni kò sì tẹ̀ lé e rí. Bí ẹnì kan péré nínú yàrá bá sọ òótọ́, agbára ọ̀pọ̀ èèyàn náà máa ń lọ sílẹ̀ gan-an. Apá yìí ló yẹ kó gba àkókò yín jù.

Ẹ wá mú bébà, kí ẹ ya ọ̀kan nínú àwọn tábìlì tí Henri Tajfel, onísàíkọ́lọ́jì, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 1971, èyí tí wọ́n fi ní kí àwọn ọmọkùnrin iléèwé pín máàkì fún àwọn ẹlòmíràn. Ìlà òkè ni máàkì fún ará ẹgbẹ́ yín: 7, 8, 9, títí dé 19. Ìlà ìsàlẹ̀ ni ti ẹgbẹ́ kejì: 1, 3, 5, títí dé 25. Òpó kan ṣoṣo lẹ máa mú. Bó bá jẹ́ èrè lẹ ń wá fún ẹgbẹ́ yín, 19 lókè pẹ̀lú 25 nísàlẹ̀ ló dára jù. Ìdọ́gba ni 13 pẹ̀lú 13. Ṣùgbọ́n ìhà 7 pẹ̀lú 1 ló ń fa àwọn ọmọkùnrin náà: kí tiwọn kéré, bí ti àwọn yẹn bá ṣáà ti kéré jù ú lọ. Wọ́n sọ fún wọn pé irú àwòrán tí wọ́n fẹ́ràn nìkan ló pín wọn sí ẹgbẹ́ (ní ti gidi, ṣe ni wọ́n kàn fi wọ́n síbẹ̀ láìṣà), kò sì sí èyí tó máa kan àpò ara wọn nínú máàkì tí wọ́n ń pín. Ẹni tó mú 12 pẹ̀lú 11 ńkọ́? Ṣé ìdọ́gba ló ń wá ni, àbí ìborí? Tábìlì kan ò lè sọ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń yí ìlà òkè sí ìsàlẹ̀, tí wọ́n á tún béèrè, kí ìdí kọ̀ọ̀kan lè yà sọ́tọ̀. Ìwé ìbéèrè náà nílò irú ìṣọ́ra yìí. Òṣùwọ̀n ìwà apàṣẹwàá (authoritarianism) ti Adorno àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní 1950 kọ gbogbo gbólóhùn rẹ̀ kó lè jẹ́ pé ẹni tó bá ń dáhùn "mo gbà" sí ohun gbogbo ló máa gba máàkì gíga. Ẹ kọ ìdajì gbólóhùn yín ní òdìkejì.

Ibi tí ọ̀pọ̀ tísíìsì lórí ẹgbẹ́ ti ń bàjẹ́ nìyí: ẹ kó ẹgbẹ́ 30 jọ, èèyàn 5 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ wá ṣírò bíi pé èèyàn 150 tí kò mọ ara wọn ni. Àwọn tó jọ sọ̀rọ̀ ti ń jọ ara wọn. Bí ìjọra inú ẹgbẹ́ (intraclass correlation) bá jẹ́ 0.2, ẹ ṣe é báyìí: 1 + (5 − 1) × 0.2 = 1.8. Ẹ fi 1.8 pín 150, ó ku nǹkan bí 83. Iye èèyàn tí dátà yín tó nìyẹn. Iye ẹgbẹ́ ni kí ẹ fi kún, kì í ṣe iye èèyàn inú ẹgbẹ́, kí ẹ sì lo ìṣirò tó mọ̀ pé ẹnì kọ̀ọ̀kan wà nínú ẹgbẹ́. Bí kò bá sí ẹgbẹ́ nínú rẹ̀, tí ìyàtọ̀ tí ẹ ń wá láàárín apá méjì sì kéré (0.2 standard deviation), nǹkan bí èèyàn 394 lápá kọ̀ọ̀kan lẹ nílò láti ní agbára 80% (ìyẹn ni pé bí ìyàtọ̀ náà bá wà lóòótọ́, ẹ máa rí i nígbà 80 nínú 100), bó bá tó 0.5, 64 tó.

Ìbéèrè tí ẹ fi ń mọ ẹni tí kò fọkàn sí iṣẹ́ gbọ́dọ̀ ṣáájú ohun tí ẹ fẹ́ dán wò. Bó bá wà lẹ́yìn rẹ̀, tí ẹ wá yọ àwọn tó kùnà, bí ẹ ṣe pín àwọn èèyàn sí apá kọ̀ọ̀kan láìṣà (random assignment) ti bàjẹ́, nítorí ohun tí ẹ fi hàn wọ́n lè wà lára ohun tó mú wọn kùnà.

Ẹni tí kò tíì lówó àdánwò lè fi dátà American National Election Studies (láti 1948) tàbí World Values Survey (láti 1981) kọ́ R, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ṣírò dátà. Ọ̀fẹ́ ni méjèèjì.

Ìgbìmọ̀ tó ń dáàbò bo àwọn tí a ń wádìí gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí iṣẹ́ yín kí ẹni àkọ́kọ́ tó wọlé. Bí ẹ bá fi ohun kan pa mọ́ fún àwọn tí ẹ ń wádìí, ẹ tú u palẹ̀ kí wọ́n tó lọ, kí ẹ sì bi wọ́n bóyá ẹ ṣì lè lo ìdáhùn wọn.

Kí dátà tó dé, ẹ kọ àbá yín, ìfiwéra tí ẹ máa ṣe àti irú ẹni tí ẹ máa yọ, kí ẹ fi í sí ojúlé OSF (Open Science Framework) tó máa ń fi ọjọ́ tì í. Bí ẹ bá rí nǹkan mìíràn lẹ́yìn náà, ẹ fún un ní abala tirẹ̀, kí ẹ sì sọ ọ́ gbangba pé ẹ̀yìn ìgbà tí dátà dé lẹ rí i.